App yẹn, iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe?

Thread 🧵 Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ wá ibi jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ fẹ́ràn gan-an láyé ìsinsìnyí: "digital transformation." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ilé iṣẹ́ á pe ìpàdé, wọn á pín small chops, wọn á gbé bánà ńlá kọ́, wọn á ní àwọn náà ti di ìgbàlódé. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, ẹ pè wọ́n lórí fóònù pé ọjà tẹ́ ẹ sanwó fún ò tíì dé, ẹni tó gbé e á ní, "Ẹ má bínú mà, system wa ò ṣiṣẹ́ lónìí."

Kí n tètè sọ èrò tèmi kẹ́ ẹ má baà máa wá a kiri. Owó tí ilé iṣẹ́ bá ná sórí kọ̀ǹpútà, app, server àti gbogbo ẹ̀, tí wọn ò bá lè sọ ohun pàtó tó fẹ́ bá òwò wọn ṣe, aṣọ ẹbí ni. Wọ́n rà á torí pé ẹgbẹ́ wọn rà á. Ẹ sì mọ bí aṣọ ẹbí ṣe ń rí. Ó máa ń dáa nínú fọ́tò, àmọ́ ẹni tó fi owó iléèwé ọmọ rà á nìkan ló mọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, kí ló kan ìwọ tó ò ń ṣe content? Ó kàn mí gan-an ni. Àwa ni wọ́n máa ń pè kẹ́yìn pé ká wá polówó ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè fún. Tí kò bá wá tà, àwa ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó máa lọ, ẹ̀yin ará IT lẹ sì máa ń tẹ̀ lé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ríṣẹ́, ó kan ẹ̀yin náà, torí pé owó péépèèpé tẹ́ ẹ ní, inú báńkì ló wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Zara.

Gbogbo wa la mọ Zara, kódà ẹni tó jẹ́ pé okrika rẹ̀ nìkan ló ń rà ní Yábàá. Ilé iṣẹ́ Sípéènì ni, ìlú A Coruña ni wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní 1975. Ní nǹkan bí ọdún 2003, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ òwò ní Harvard lọ yẹ iṣẹ́ wọn wò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, DOS ló ṣì ń lò. DOS o! Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, lẹ́tà funfun, tí kò sí nǹkan tó ń jẹ́ mouse. Microsoft fúnra rẹ̀ ti pa á tì nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ ìlú yìí ni, a ti máa sọ pé ayé ti kọjá wọn.

Àmọ́ ẹ wo òwò tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ máa ń jókòó lónìí láti gbìyànjú àtimọ ohun tí èèyàn máa fẹ́ wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Zara ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wo ohun tí èèyàn ń rà lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á rán an, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Tó bá jẹ́ irú òwò yẹn lẹ̀ ń ṣe, kí lẹ nílò? Ẹ nílò kí ọ̀rọ̀ tètè kúrò lẹ́nu ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dé etí ẹni tó ń ya àwòrán aṣọ. Ohun tí wọ́n sì fi owó wọn ṣe gan-an nìyẹn. Mánéjà ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ tó fi ń béèrè ọjà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó sì ní fóònù. DOS ń gbowó, kì í sì í ṣòjòjò, tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, wọn ò nílò onímọ̀ ẹ̀rọ kankan kó wá sùn síbẹ̀.

Wọn ò sì fi ọ̀ràn ẹ̀rọ ṣe agídí títí ayé. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ tán, tó di pé èèyàn ń béèrè sáìsì kan tí ẹni tó ń tajà ò mọ̀ bóyá ó wà lẹ́yìn tàbí kò sí, wọ́n wá gbé RFID wọlé, ìyẹn nǹkan kékeré tí wọ́n ń so mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan tó fi lè máa sọ ibi tó wà. Wọ́n kéde ẹ̀ ní 2014. Ohun tí òwò fẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀rọ wá tẹ̀ lé e.

Ẹ fi ìyẹn wé Lidl.

Lidl náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham àti Jámánì mọ̀ wọ́n dáadáa, ọjà ńlá tí nǹkan ti máa ń pọ́ọ́kú. Ní 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ètò kọ̀ǹpútà tuntun tó máa ṣàkóso ọjà wọn, orí SAP ni wọ́n gbé e lé. Ní 2018 wọ́n dá a dúró. Ọdún méje! Ìwé ìròyìn ní iye tó wọgbó níbẹ̀ tó nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù owó Euro.

Kí ló fà á? Ó lé ní ẹyọ kan o, àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Lidl máa ń ka ọjà tó wà nínú stóòrù wọn pẹ̀lú iye tí wọ́n rà á. Ètò SAP tí wọ́n rà, iye tí wọ́n máa tà á ló fi ń ka tiẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń ta ìrẹsì ládùúgbò yín. Tẹ́ ẹ bá bi í pé "Mà, èló lọjà yín tó wà nílẹ̀?", ó lè fi iye tó rà á dá yín lóhùn, ó sì lè fi iye tó fẹ́ tà á. Méjèèjì dáa. Wàhálà máa ń dé tí ìyá bá ń ka tiẹ̀ báyìí, tí ìwé tí wọ́n fún un pé kó máa kọ ọ́ sí ń kà á báyẹn. Lidl ní àwọn ò yí tàwọn padà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀rọ náà, wọ́n ń rán an, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Ó dà bí kéèyàn ra kóòtù tí wọ́n ti rán tán, kó wá gbé e fún télọ̀ pé òun fẹ́ fi ṣe agbádá. Télọ̀ á gbà á o, ṣebí owó ni. Àmọ́ ẹ má retí agbádá.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: ta ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè yẹn? Ṣé a máa yí bá a ṣe ń ka ọjà padà ni, àbí a máa wá ẹ̀rọ tó ń kà á bíi tiwa? Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè IT rárá. Ìbéèrè ẹni tó ni òwò ni. Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ló sì yẹ kí ìdáhùn ti wà nílẹ̀.

Ẹ má rò pé Òyìnbó nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tilé.

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan gbé iṣẹ́ wá fún mi. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má bi mí ní DM. Ohun èlò ilé ni wọ́n ń tà: ìkòkò, blender, bẹ́díṣíìtì, irú ẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó, ìkan n'Íbàdàn. Wọ́n ti ná ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà sórí app. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n ṣe fídíò táá jẹ́ kí 10,000 èèyàn download ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n ka WhatsApp tí àwọn oníbàárà fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni content tó dáa máa ń wà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo kà níbẹ̀ ju fíìmù lọ. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ayé ń rò: "Mo ti sanwó, ẹ tún ń sọ fún mi pé ó ti tán."

Ìdí ẹ̀ rèé. Ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ń kọ ọjà sínú ìwé. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń ya fọ́tò ìwé yẹn ránṣẹ́ sí Èkó. Ọmọbìnrin kan l'Ékòó á wá tẹ̀ ẹ́ sínú app nígbà tó bá ráyè. Láàárín Sunday sí Sátidé, ẹyọ blender kan ṣoṣo lè ti ní ọkọ mẹ́ta. App wá dé, ó rẹwà, ó ń tàn yòò, bọ́tìnì kan péré lẹ máa tẹ̀. Ó wá jẹ́ kí èèyàn tètè sanwó fún ohun tí kò sí nílẹ̀. Tẹ́lẹ̀ wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ó ṣì wà. App ò jẹ́ kí wọ́n béèrè mọ́.

Mo sọ fún mánéjà pé, ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá nǹkan kékeré tí ṣọ́ọ̀bù méjèèjì á máa fi kọ ọjà síbì kan náà, kẹ́nì kan tó tà, kẹ́nì kejì ti rí i. Kò lè tó ìdá mẹ́wàá owó tẹ́ ẹ ti ná. Ọkùnrin yìí wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tá a jọ ń tajà ti ní app?"

Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òde ni àwọn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fún app náà ní ìràwọ̀ kan-kan, ọmọkùnrin tó ń ṣe IT fún wọn ni wọ́n lé. Ọmọkùnrin yẹn ti kọ ọ́ sínú email látìbẹ̀rẹ̀ pé tí ètò ọjà inú stóòrù ò bá tò, app ò lè tò. Email yẹn wà, mo rí i. (Balance tèmi náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ìyẹn á di thread ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹja àti adìẹ inú firísà ni wọ́n ń tà n'Íbàdàn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ ibi tí owó wọn ń bá lọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé oníbàárà ò wá. Iná ló ń jẹ wọ́n. NEPA á mú iná lọ lóru, ẹja á rọ̀, wọ́n á tà á ní ẹ̀dínwó láàárọ̀. Èkejì ni pé páálí tuntun máa ń bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá fi máa rí ti àtijọ́, ó ti bà jẹ́. Nígbà tí owó díẹ̀ wọlé, kí ni wọ́n rà? Inverter fún firísà méjì tó ṣe pàtàkì jù, àti ohun kékeré kan tó ń wọn bí inú firísà ṣe tutù tó, tó máa ń pariwo tó bá ti ń gbóná. Ọmọ wọn wá kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa kọ ọjọ́ tí páálí kọ̀ọ̀kan dé sínú Google Sheets lórí fóònù. Ó parí.

Wọn ò ní website. Mo ti bá wọn jà rí pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣí Instagram fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹja mi kì í ṣẹ́kù. Ta lo fẹ́ pè wá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ strategy. Àmọ́ tí ẹ bá bi wọ́n nípa gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn pé iṣẹ́ wo lèyí ń ṣe, wọ́n á dá yín lóhùn pẹ̀lú iye owó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí báńkì, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti ń dúró dè mí.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Báńkì Àpapọ̀, CBN, ní owó àtijọ́ ò ní wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kìíní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó tuntun ò sì sí níta. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó wá sọ pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún náà á fi parí. Láàárín ìgbà yẹn, transfer ni gbogbo wa ń ṣe, àti ẹni tó fẹ́ ra pure water. App àwọn báńkì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Ẹ ti jẹun tán ní búkà, transfer ò lọ, ìyá olóúnjẹ ń wò yín tìfura-tìfura. Ojú tì mí lọ́jọ́ kan débi pé mo fẹ́ bá wọn fọ abọ́.

Àwọn báńkì yẹn ò tálákà. Wọ́n ní IT, wọ́n ti ń ṣe app látọdún gbọọrọ. Èrò tèmi ni pé ẹlòmíì ni wọ́n ṣe app yẹn fún. Ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó ń san owó DSTV, ni wọ́n rò. Wọn ò ro ẹni tó fẹ́ san 100 náírà fún akara kó sì tètè bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ta ló wá jàǹfààní? Ẹ wo Moniepoint. TeamApt ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, 2015 ni Tosin Eniolorunda àti ẹnì kejì rẹ̀ dá a sílẹ̀, àwọn báńkì gan-an ni wọ́n ń kọ software fún níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá yí ojú sí àwọn oní-POS àti onísọ́ọ̀bù. Ìbéèrè kan ṣoṣo lonísọ́ọ̀bù máa ń ní: "Ṣé owó ti wọlé?" Kò fẹ́ mọ bóyá àwọ̀ app yín bá ti lógò yín mu. Ó fẹ́ gbọ́ kí ẹ̀rọ dún kí oníbàárà tó yí ẹ̀yìn padà. Ẹni tó bá kọ́ gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ yí ìbéèrè yẹn ká, ọjọ́ tí owó bébà bá pòórá nílùú, ọ̀dọ̀ ẹ̀ la máa sá lọ. OPay náà, ẹ rántí pé wọ́n ti gun ọ̀kadà rí (ORide), wọ́n sì ti gbé oúnjẹ rí. Ní 2020 wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, wọ́n gbájú mọ́ owó.

Mi ò máa pọ́n wọn o. Ní oṣù kẹrin 2024, CBN ní kí OPay, Moniepoint, PalmPay àti Kuda má gba oníbàárà tuntun fúngbà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ mímọ ẹni tó ń ṣí àkáǹtì. Yíyára gba èèyàn wọlé ni òwò wọn. Ìjọba wá rán wọn létí pé mímọ ẹni tó wọlé náà wà lára òwò.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ dọ́là díẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa jù, àwọn èèyàn kì í sì í fẹ́ sọ ọ́. Kó tó di oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Tí ilé iṣẹ́ yín bá ń san 1,000 dọ́là lóṣù fún server tó wà lókè òkun, 460,000 náírà di mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ẹ ò sì fi nǹkan kan kún un. Náírà sì lẹ̀ ń pa wọlé. Ẹni tó yan server yẹn nígbà kan, ó wo bó ṣe yára tó àti bó ṣe gbajúmọ̀ tó. Ṣé ẹnikẹ́ni láti ọ́fíìsì owó jókòó tì í lọ́jọ́ yẹn? Ní ibi tí mo mọ̀, rárá.

Ìgbà tí dọ́là le báyìí náà ni àwọn báńkì wa ń yí core banking wọn padà. Ìyẹn ni ìwé ńlá tí báńkì ń kọ gbogbo owó wa sí. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá 2024, Sterling bọ́ sórí SeaBaaS tí wọ́n ṣe nílé níbí, Zenith bọ́ sórí Flexcube ti Oracle, GTBank bọ́ sórí Finacle ti Infosys. Ẹ ṣàkíyèsí: báńkì mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta. Ìyẹn gan-an ò burú lójú mi, torí pé òwò wọn ò rí bákan náà, kò sì sẹ́ni tó ní kí gbogbo wọn wọ léèsì kan náà. Ohun tó bí mi nínú ni ọjọ́ tí ìyípadà yẹn dé. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ò rí owó wọn lò. Àwọn tí wọ́n fi sí Twitter láti máa dá wa lóhùn ò mọ̀ ju wa lọ, ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń da ọ̀rọ̀ kan náà kọ: "Kindly bear with us." Ọmọ ẹgbẹ́ mi ni wọ́n, èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n sí ìpàdé kankan kọ́jọ́ tó pé.

Kí ẹ má rò pé tiwa nìkan ni, ẹ gbọ́ ti TSB ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Báńkì Sabadell ti Sípéènì rà wọ́n ní 2015. Sabadell fẹ́ kí wọ́n kúrò lórí ẹ̀rọ Lloyds, olówó wọn àtijọ́, kí wọ́n bọ́ sórí tiẹ̀. Ohun tó dáa ni, ta ló fẹ́ máa gbé ilé ẹlòmíì títí ayé? Ní oṣù kẹrin 2018 wọ́n kó gbogbo oníbàárà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti 900,000 nínú wọn ò rí ọ̀nà wọ àkáǹtì wọn. Wàhálà yẹn gba oṣù mélòó kan kó tó rọlẹ̀.

Báńkì náà gbé ọ̀rọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò Slaughter and May pé kí wọ́n wádìí ẹ̀. Ìwádìí jáde ní 2019. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí wọ́n tún ètò iṣẹ́ náà ṣe, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó parí ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n wá ń ka iṣẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn kó lè bá ọjọ́ mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìgbéyàwó rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti pín káàdì, wọn ò tíì rí gbọ̀ngàn. TSB ò gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn agbẹjọ́rò yẹn sọ o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà. Àmọ́ ní oṣù kejìlá 2022, àwọn tó ń bójú tó báńkì níbẹ̀ gba 48.65 mílíọ̀nù pọ́ùn ìtanràn lọ́wọ́ wọn. Ní 2023, wọ́n tún ní kí ẹni tó jẹ́ olórí IT nígbà yẹn san 81,620 pọ́ùn látinú àpò ara ẹ̀.

Àpò ara ẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ di CIO, ẹ fi sọ́kàn.

Ó wá mú mi dórí ọ̀rọ̀ àga. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí mo ti wọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pinnu ibi tí òwò ń lọ, ará IT ò sí níbẹ̀. Abẹ́ admin ni wọ́n fi í sí, ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ra tíṣù àti omi. Tí printer bá kọ̀, wọ́n á pè é. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun ní Abẹ́òkúta, wọn ò ní pè é, ọ̀sẹ̀ tó kù dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n á ní, "Wá ṣe íntánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1993 ni Henderson àti Venkatraman ti kọ ọ́ sínú IBM Systems Journal pé ètò òwò àti ètò ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jọ máa rìn. Àwọn kan nínú wa ò tíì dáyé nígbà yẹn.

Àmọ́ ẹ̀yin ará IT, ẹ̀yin náà ò jare tán. Ẹ̀ ń wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ ní server ti kún, ẹ ní latency, ẹ ní ẹ gbọ́dọ̀ lọ sórí Kubernetes. Ọ̀gá ń gbọ́ "owó, owó, owó." Ẹ sọ fún un pé: lọ́jọ́ Fráìdé, láàárín aago méjìlá sí méjì, èèyàn 40 fẹ́ sanwó, ọ̀nà dí, wọ́n bá ẹlòmíì lọ, iye tí wọ́n fẹ́ rà rèé. Á gbé orí sókè. Ẹ ò ní láti bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lọ fún interview, ẹ dákun, tí wọ́n bá ní ṣé ẹ ní ìbéèrè, ẹ béèrè pé: "Kí lohun tí ilé iṣẹ́ yín fẹ́ ṣe lọ́dún yìí tí ẹ̀rọ yín ò lè ṣe báyìí?" Ẹ wo ojú wọn. Tí mánéjà àti ará IT bá dáhùn ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ti mọ irú ilé tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ lè gba iṣẹ́ náà o, owó ilé ò gbọ́ àlàyé. Kẹ́ ẹ kàn mọ̀.

AI ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Òun ni léèsì ọdún yìí. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló fẹ́ fi chatbot sí ẹnu ọ̀nà. Air Canada náà fi sí i. Chatbot wọn sọ fún ọkùnrin kan tí òfò ṣẹ̀ pé ó lè kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó tó wá béèrè owó ẹ̀dínwó ọ̀fọ̀ padà. Òfin ilé iṣẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá jiyàn nílé ẹjọ́ kékeré ní British Columbia pé ọ̀rọ̀ chatbot ò kan àwọn, àfi bí ẹni pé ọmọ aládùúgbò ni. Ní oṣù kejì 2024, ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Owó tí wọ́n san ò tó 1,000 dọ́là Kánádà. Àmọ́ ẹ ronú ohun tí wọ́n fẹ́ kí chatbot yẹn bá wọn ṣe. Tó bá jẹ́ kí iye èèyàn tó ń pè dín kù, ó ṣe é. Tó bá jẹ́ kí ẹni tí òfò ṣẹ̀ rí ìrànlọ́wọ́ gidi, ẹ̀yin náà ẹ dáhùn.

Mo ní oníbàárà kan lọ́wọ́ báyìí tó ń fẹ́ AI. Mo bi í ní ìbéèrè tó wà lókè thread yìí gan-an. Ó ní òun á padà wá. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé.

Ó dáa, ẹnu ti ń dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú báńkì ní oṣù kẹwàá 2024, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ wá sọ tiyín lábẹ́ ibí. Ẹ lè lo àkáǹtì tí kò ní orúkọ yín. Mo ti gbé garri kalẹ̀.